Awọ Kì í Gbọ́ Ẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ tẹ́tí sí mi kí ẹ tó sọ pé bàtà ni ẹ fẹ́ máa ṣe. Bàtà fúnra rẹ̀ kò le. Awọ kì í purọ́, òwú kì í jiyàn, ìṣó kì í béèrè ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Àwọn ènìyàn tó máa wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín ni wàhálà. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nígbà tí irun mi dúdú bíi kóró iṣin, mo fi í sílẹ̀ nígbà tó ti funfun tán. Ọ̀bẹ gé mi, abẹ́rẹ́ gún mi, òòlù fọ́ mi léèékánná, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dá mi lágara tó ẹnu àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n ṣe fi ẹnu wọn mú mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ wá.

Ìrẹmọ ni ilé wa, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ó wò mí, ó rí i pé oko ò lè gbà mí, ló bá mú mi lọ bá Ọ̀gá Lámídì, ọmọ Ìwó kan tó ń rán bàtà lẹ́bàá Sábó. Ohun tí bàbá mi san kò tó nǹkan, ohun tí èmi náà rí nídìí iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà kò tó nǹkan, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó síbẹ̀. Ọ̀gá mi ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ọ̀gá Lámídì kéré lára, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá ju ẹ̀rù ọlọ́pàá lọ. Ọdún kan gbáko ni mo lò kí n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ̀lé e wọ Sábó, níbi tí àwọn Hausa ti ń ta màlúù àti awọ, kí n máa ru awọ bọ̀, kí n sì máa fi ìda pa òwú títí ọwọ́ mi á fi máa yọ̀. Bí ó bá fẹ́ ra awọ, á gbóòórùn rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, á tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, kò ní sọ nǹkan kan. Ìgbà tí a bá délé ni yóò wá bi mí pé kí ni mo rí lára awọ náà. Bí mo bá ní mi ò rí nǹkan, kò sí oúnjẹ ọ̀sán fún mi.

Nígbà tó wá jẹ́ kí n máa ránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, kí n máa rán bàtà, abẹ́rẹ́ méjì là ń tì bọ ihò kan, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, kí òwú lè di ara wọn mú. Bí ó bá rí ibi tó wọ́, á fi ọ̀bẹ la gbogbo rẹ̀ pátá, á ní, "Tún un rán." Bí ó bá tún wọ́, bàtà yẹn gan-an ni yóò fi nà ọ́. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà bá já níbi tó ti ń nà ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tuntun nìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ọ̀gá yín ò gbọdọ̀ bojú wò yín, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bàtà tí mo rán nígbà yẹn, àwọn kan ṣì ń wọ̀ ọ́ lọ sóko títí di òní.

Awọ ni bàtà bọ́ọ̀lù nígbà náà. Àwa la máa ń gé eyín abẹ́ rẹ̀, awọ líle tí a tò léra tí a wá kàn mọ́ ọn, kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀ lórí koríko. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti Ifẹ̀ dé Mọ́dákẹ́kẹ́ tí kì í gbé tirẹ̀ wá fún wa. Ibẹ̀ ni àjálù ti bá wa.

Ilé ẹ̀kọ́ kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, fẹ́ gbá àṣekágbá ìdíje. Olùkọ́ tó ń mójú tó eré ìdárayá wọn sùn lórí ọ̀rọ̀ náà títí ìdíje fi ku ọ̀la, ló wá kó bàtà gbogbo ẹgbẹ́ wá pé kí a pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ọ̀gá mi ní kò ṣeé ṣe, rírán ni wọ́n gbọ́dọ̀ rán an. Olùkọ́ ní gọ́ọ̀mù tuntun kan ti dé láti Èkó, inú agolo ló wà, kí wọ́n ṣáà fi lẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá mi ní rárá. Ọkùnrin yìí ò bá a jiyàn, ó kàn yísẹ̀ padà. Nígbà tí yóò fi bọ̀, ó ti kó àwọn àgbà lẹ́yìn: onílé tí ọ̀gá mi gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, àna ọ̀gá mi, àti bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn. Bàbá arúgbó yẹn gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó ń fẹ́ kúnlẹ̀. Ọ̀gá Lámídì sáré dì í mú. Ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Ó ti tán."

A fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀. Kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi ìdajì eré, bàtà ti ń yanu lórí pápá bí ẹja àrọ̀. Atamátàsé wọn gbá bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù dúró síbi tó wà, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ló fò lọ sójú ilé, aṣọ́lé sì bẹ́, ó hán an. Ẹ̀rín pa gbogbo ìlú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni, nítorí ọmọ kan yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ọmọ yẹn ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé.

Ọ̀gá mi ò na ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Ó kó bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ̀nyẹn jọ síwájú rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Èmi ni wọ́n bẹ̀. Wọn ò bẹ awọ. Awọ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bẹ̀ ẹ́ pé kó yára ṣe iṣẹ́ kan wúruwùru, á ti awọ síwájú onítọ̀hún, á ní kó bẹ̀ ẹ́.

Mo kọ́ṣẹ́ tán, mo gba ìyọ̀ǹda, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi lẹ́bàá ọ̀nà Ìrẹmọ. Mo fẹ́ Ìyá Ṣadé, a bímọ, mo ń rán bàtà. Ẹ̀rọ tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ dé, mo ra ọ̀kan, ó yá ju ọwọ́ lọ, mo gbà. Ẹ̀rọ oníná tó ń ha àtẹ́lẹsẹ̀ dé, òun náà dára bí iná bá wà, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin la jọ mọ bí iná ṣe ń wà. Lẹ́yìn náà ni bàtà bọ́ọ̀lù oníke dé láti òkè òkun, èyí tí eyín rẹ̀ ti bá a wáyé. Ìgbà náà ni ayé sú mi. Ọmọdé á gbé e wá: "Bàbá, ẹ bá mi rán an." Rán kí ni? Ike? Abẹ́rẹ́ kì í di ike mú, ńṣe ló máa ń fà á ya. Gọ́ọ̀mù inú agolo tí mo kórìíra láti ọjọ́ òjò yẹn ló wá di ọ̀gá lé mi lórí. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin, ẹyẹ wá ń yí lu ẹyẹ.

Ẹnìkan péré ló kù tó ń wọ bàtà awọ. Ráṣídì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọmọ àwọn ará Ẹdẹ tó tẹ̀dó síbí. Ògiri ni gbogbo ìlú ń pè é. Ẹ̀yìn ló máa ń dúró fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, atamátàsé tó bá sì fẹ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá á ti mọ̀ pé òun ò rìnnà ire. Èmi ni mo rán bàtà tó fi wọ ẹgbẹ́, èmi ni mo ń tún un ṣe fún un ní gbogbo ọdún tó fi jẹ́ kápútẹ́ẹ̀nì wọn. Bó bá dé, á dọ̀bálẹ̀, á gbé bàtà sílẹ̀, á jókòó jẹ́ẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Àwọn tí kì í gbá a ló ń sọ ọ́. Mo ti kan bẹ́ǹṣì gígùn kan síwájú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn oníbàárà lè rí ibi jókòó. Oníbàárà wo? Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ló gbà á. Olórí wọn ni Tísà Adéoyè, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àti Sẹ́mìú ọlọ́kadà. Wọn kì í tún bàtà ṣe, wọn kì í ra okùn bàtà. Bí obìnrin bá gbé bàtà ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ dé, wọn ò ní sún fún un, ńṣe ni wọ́n á ní kó bá àwọn dá ẹjọ́ pẹnárítì ọjọ́ Sunday.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni rédíò kéde pé ẹgbẹ́ wa ti fi Ògiri sílẹ̀. Olúwa mi! Ṣé ẹ ti rí ilé oyin tí wọ́n sọ òkò sí rí?

Sẹ́mìú ò tíì pa ọ̀kadà rẹ̀ tó fi ń pariwo. "Wọ́n fi Ògiri sílẹ̀? Ògiri! Ta ló máa wá dúró lẹ́yìn? Ìyá Alága ẹgbẹ́ ni?"

Tísà ní, "Sẹ́mìú, fara balẹ̀. Bọ́ọ̀lù òde òní, eré sísá ni. Díféńdà tó ti lé lọ́dún márùndínlógójì, bí ọmọ ogún ọdún bá kọjá lára rẹ̀, atẹ́gùn lásán ló máa gbá mú."

"Tísà, ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹ̀gbin. Ọmọ ogún ọdún wo ló kọjá lára rẹ̀ rí?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

"Pápá ló yọ̀!"

Bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́jọ́ Ajé nìyẹn, bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ẹni tó bá ń kọjá á dúró, á dá sí i, á jókòó. Mi ò rí ìmọ́lẹ̀ fi ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ má sì gbàgbé pé ní àkókò yìí, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ṣadé ọmọ mi tó wà ní Òṣogbo ti ń sọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ó ti tó." Mo sọ fún un pé bí ọwọ́ kan bá ń gbọ̀n, èkejì á dì í mú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mi nínú.

Nígbà tó di ọjọ́ Rú, Tísà rí i pé àwọn tó wà lẹ́yìn òun kò pọ̀ mọ́, ló bá yí padà. Ẹni tó ní kí wọ́n lé Ògiri ló wá ń ké jù. Ó dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì mi, ó ní àìmoore ni, àwọn àgbà gbọ́dọ̀ lọ bẹ Alága ẹgbẹ́, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe. Gbogbo wọn hó yèè.

Ìyá Ṣadé, ìyàwó mi, ló gbé oúnjẹ mi dé lásìkò yẹn. Ó gbọ́ ọ, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ṣé ẹ ti bi Ráṣídì fúnra ẹ̀?"

Sẹ́mìú ló kọ́kọ́ rí èsì. "Mọ́mì, ṣé wọ́n máa ń bi ẹni tó ń rì sómi kí wọ́n tó fà á jáde?"

"Ó dára," ni ìyàwó mi wí, "ẹ ṣọ́ra kí ẹ má lọ fa ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́." Ó gbé abọ́ mi kalẹ̀, ó lọ.

Mo ní òótọ́ ló sọ. Ta ló gbọ́? Tísà ní wọn kì í lọ bẹ̀bẹ̀ láìsí orí ewú níwájú, ewú tèmi ló sì pọ̀ jù. Mo ní mi ò lọ. Ó ní, "Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, òwe wo ni ènìyàn fẹ́ fi dá ìyẹn lóhùn? Mo dé fìlà mi.

Ọjọ́bọ̀ la lọ. Alága ẹgbẹ́ yìí kò tó ọmọ mi àkọ́bí lọ́jọ́ orí. Bí ó ṣe jáde sí wa, Tísà pàṣẹ, gbogbo wa sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì. Ìbàdí mi dún. Alága figbe ta, òun náà da ara rẹ̀ bolẹ̀: "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ dìde! Ẹ má fi èpè sí mi lọ́rùn!"

Tísà ní, "A ò ní dìde àfi tí ẹ bá dá Ògiri padà."

"Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan nínú o, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Kò sí nǹkan nínú mọ́! Ẹ ṣáà ní ẹ ti gbà."

Ọkùnrin náà wo orí funfun tó tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Ó ti tán."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi létí. Mo mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ rí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orin ti gba ibẹ̀ kan, wọ́n ti gbé mi sókè.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì ṣí ìlẹ̀kùn tán nígbà tí Ráṣídì dé. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó di bẹ́ǹṣì mú, ó rọra ṣẹ́ orúnkún kan, èkejì ò ṣẹ́. Mo ní kó dìde. Ó gbé bàtà rẹ̀ sórí tábìlì mi.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣíwájú àwọn tó bá mi bẹ̀bẹ̀."

"Èmi ni, Ráṣídì. A dá ọ padà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dénú. "Bàbá, èmi ni mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ó ju ọdún kan lọ tí mo ti ń bẹ Alága. Dókítà ní bí mo bá tún gbá a dé òpin ọdún yìí, ọ̀pá ni màá máa fi rìn. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní bọ́ọ̀lù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Lánàá ni Alága pè mí pé Sunday mo wọ pápá, pé òun ò lè kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn bàbá lẹ́nu."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún àwọn èèyàn?"

"Bàbá, ta ló bi mí?"

Ó ní bí òun bá kọ̀ báyìí, wọ́n á ní àwọn àgbà dọ̀bálẹ̀ nítorí òun, òun wá rí wọn fín, ojú wo ni ìyá òun fẹ́ fi jáde? Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ bá mi bẹ àwọn tó bá mi bẹ̀bẹ̀." Ó fi bàtà sílẹ̀, ó ń tiro lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè jẹun.

Mo ro pé bí mo bá sọ fún wọn, ọ̀rọ̀ á tán. Ha! A ní ká jẹ ẹ̀kuru kó tán, wọ́n tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Tísà ní ìtìjú ló ń ṣe Ráṣídì, pé gbajúmọ̀ kì í fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ pé wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún òun. Sẹ́mìú ní ayé ló ti wọ̀ ọ́ lórúnkún, kí á gba ààwẹ̀. Ẹnìkan ní òun mọ òróró kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́ tó ń mú orúnkún ẹṣin jí. Ọ̀rọ̀ òróró yẹn ni wọ́n wá ń jà lé lórí.

Mo dé fìlà, mo lọ bá Alága fúnra mi. Ó gbọ́ mi tán, ó dáwọ́ lé orí. "Bàbá, mo fẹ́ ṣàlàyé lánàá, ẹ ò jẹ́ kí n ṣe é. Lánàá ẹ dọ̀bálẹ̀ pé kí n mú un, lónìí ẹ tún dé pé kí n fi í sílẹ̀. Èwo ni kí n gbé nínú méjèèjì? Bí mo bá fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn èèyàn yín á sọ òkò lu ilé mi. Àfi kí àwọn tó wá lánàá tún padà wá, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ yẹn, inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi ń ṣú. Wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì, wọn ò tíì débì kan lórí òróró. Mo kó abẹ́rẹ́ mi, òwú mi, òòlù mi, mo dì wọ́n sínú àpò. Mo ní, "Ẹ gbọ́ o. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lónìí yìí. Mi ò rán bàtà mọ́."

Ẹnu yà wọ́n. Sẹ́mìú ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, kí la ṣe? Ẹ má bínú!" Tísà náà dọ̀bálẹ̀, ó ń pe àwọn baba ńlá mi. Gbogbo wọn tò sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi bí wọ́n ṣe tò níwájú Alága.

Mo jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ mí títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sí wọn. Ó ń gbọ̀n lójú gbogbo wọn, ọwọ́ tí mo ti ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní, "Èmi ti gbọ́. Ẹ wá bẹ òun. Bó bá gbà, màá rán bàtà lọ́la."

Mo gbé bàtà Ráṣídì sókè. "Awọ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá mi ló sọ ọ́, ọmọ kan ti fi ọrùn ẹsẹ̀ kọ́ wa. Orúnkún ọmọ yìí náà ò gbọ́. Alága la bẹ̀, a ò bẹ orúnkún."

Tísà dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ mi kò yàtọ̀ sí ohun tí òun ti ń sọ láti ọjọ́ Ajé, pé díféńdà tó ti lé lọ́dún márùndínlógójì gbọ́dọ̀ sinmi. Mo fẹ́ jù ú ní òòlù! Ṣùgbọ́n ó ṣíwájú wa lọ sílé Alága láàárọ̀ Sátidé, ó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n fi Ráṣídì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n gbá góòlù mẹ́ta wọ ilé ẹgbẹ́ wa. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo rí sí i.

Ní tèmi, mo ti pinnu láti ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, mo fi lé wọn sáré ni. Àmọ́ Ìyá Ṣadé ti gbọ́. Kí n tó jí, ó ti pe Ṣadé, kí n tó wẹ̀, Ṣadé ti dé láti Òṣogbo pẹ̀lú mọ́tò tó máa kó ẹrù mi. Ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ àgbà kì í jẹ́ méjì. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó níṣẹ́ kúkú yá. Èmi ò ní Ìbarà kankan tí mò ń rè, wọ́n kàn ta mí nídìí ni.

Mo fọkàn balẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á wá bẹ̀ mí. Àwọn tó torí díféńdà nà gbalaja, ṣé wọn ò ní torí mi tẹ orúnkún? Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, mo máa ń wọ aṣọ tó dáa, màá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo ti mọ bí mo ṣe máa kọ̀ fún wọn lákọ̀ọ́kọ́, àti ibi tí mo ti máa rọ̀. Ìyá Ṣadé á wò mí, á rẹ́rìn-ín wọlé. Ọjọ́ ń lọ. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ó dùn mí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Gbogbo ọdún tí mo fi fún wọn ní ìjókòó!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo rí Tísà àti Sẹ́mìú tí wọ́n ń bọ̀. Mo tún fìlà mi dé. Mo wúkọ́.

Tísà dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀ o."

Mo ní, "Ẹ má ṣe wàhálà. Mo ti pinnu."

"Háà, Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ o," ni Sẹ́mìú wí. "Bẹ́ǹṣì yẹn ni, èyí tí Ṣadé kó wá sílé. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà níwájú la ti ń jókòó báyìí, àga rẹ̀ ò gbà wá."

Mo wò wọ́n. Mo gbọ́ ẹ̀rín Ìyá Ṣadé láti inú ilé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kí wọ́n wá gbé e. Nígbà tí mo rí bí Sẹ́mìú ṣe ń fa bẹ́ǹṣì mi nílẹ̀ bí ẹni fa igi oko, ara mi ò gbà á, mo di orí kan mú. A gbé e jáde sí ojú títì, Tísà ń ṣíwájú, ó ń sọ fún wa pé aṣọ́lé tuntun tí ẹgbẹ́ wa mú kò ga tó.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi la ti pàdé Ráṣídì. Ó gbé fèrè kọ́rùn, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ń sáré lọ níwájú rẹ̀ lọ sí pápá, òun ń rọra rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn láìsí ọ̀pá. Ó dúró. Ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo ṣọ́ọ̀bù mi tó wà ní títì.

"Bàbá, ibo lẹ ń gbé bẹ́ǹṣì lọ?"

Mo ní, "Ráṣídì, wọ́n ti fi mí sílẹ̀."

Ó wo ọwọ́ mi bó ṣe ń gbọ̀n lára igi. Ó gba orí bẹ́ǹṣì náà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín bò ó lójú, èyí dénú.

"Ẹ kú oríire o, Bàbá."